Láti Ìmẹ̀sí-Ilé dé Ṣàgámù: Ìtàn Oògùn Ọmọ tó Kéré Nínú Oyún

Ní Ṣàgámù, ní Ìkẹ́nnẹ́ àti káàkiri ilẹ̀ Rẹ́mọ, nọ́ọ̀sì a máa fún aláboyún ní hóró Fansidar mẹ́ta pé kó gbé e mì lójú òun. Ibà kò ṣe ìyá náà. Ó lè máa ṣe kàyéfì pé kí ni òun fẹ́ fi oògùn ibà ṣe. Ìlú Yorùbá mìíràn, Ìmẹ̀sí-Ilé, ni ìdáhùn wà.

Ní ìparí àwọn ọdún 1950, David Morley, dókítà ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Wesley Guild, Iléṣà, ó sì ń tọ́jú àwọn ọmọ Ìmẹ̀sí-Ilé. Òun àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ fún àwọn aláboyún kan níbẹ̀ ní pyrimethamine, wọ́n sì fi wọ́n wé àwọn tí kò lò ó. Àbọ̀ ìwádìí náà jáde nínú British Medical Journal ní 1964: ọmọ àwọn tó lo oògùn náà wúwo ju ti àwọn yòókù lọ.

Ìdí ni pé kòkòrò ibà a máa sá pamọ́ sínú ibi ọmọ, kódà bí ara ìyá kò gbóná, a sì máa dínà oúnjẹ ọmọ. Pyrimethamine yẹn wà nínú Fansidar òde òní. Láti 2012, Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí aláboyún ibi tí ibà pọ̀ sí lò ó, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mẹta, láti nǹkan bí oṣù kẹrin, kí oṣù kan máa wà láàrin wọn, àfi ẹni tí dókítà bá kọ̀ ọ́ fún.

Ṣùgbọ́n ibà nìkan kọ́ ló ń fà á; ibi ọmọ fúnra rẹ̀ lè ṣàìlágbára. Nítorí irú èyí, àwọn dókítà Netherlands dán sildenafil, èròjà inú Viagra, wò. Ní oṣù keje 2018 ni wọ́n dá a dúró, lẹ́yìn tí ọmọ 11 tí ìyá wọn lò ó kú, tí àìsàn ẹ̀dọ̀fóró sì mú àwọn mìíràn. Ohun tí irú ilé ìwòsàn Yunifásítì Olabisi Onabanjo ní Ṣàgámù lè ṣe fún irú oyún bẹ́ẹ̀ ni kí wọ́n máa ṣọ́ ọ, kí wọ́n sì mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n gbẹ̀bí rẹ̀.

Oògùn tó ń sọ ọmọ tó ti rù nínú oyún di ńlá kò tíì sí. Èyí tó ń dènà ọ̀kan nínú ohun tó ń fà á ló wà lọ́wọ́ wa. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ìyá tó bá fi hóró mẹ́ta náà pamọ́ sínú àpò rẹ̀, ohun tí àwọn ìyá Ìmẹ̀sí-Ilé bá wa wá rí ló sọ nù.