Gómìnà Mẹ́ta Láàárín Ọ̀sẹ̀ Kan: Ohun Tí Èkìtì 2006 Kọ́ Wa

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2006, ènìyàn mẹ́ta ló ń pe ara wọn ní gómìnà Ìpínlẹ̀ Èkìtì lẹ́ẹ̀kan náà. Ayọ̀ Fáyóṣe ní kò sí ẹni tó yọ òun bí òfin ṣe wí. Igbákejì rẹ̀, Abíọ́dún Olújìmí, ní òun ni ipò náà kàn. Friday Aderemi, abẹnugan ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ti búra wọlé ní tirẹ̀ gẹ́gẹ́ bí adelé gómìnà.

Àwọn kan nínú àwa tí à ń kọ búlọ́ọ̀gù yìí kò tíì dáyé nígbà náà, àwọn tó ti dáyé sì ṣì wà lẹ́yìn ìyá wọn. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí ọ̀rọ̀ gómìnà tí wọ́n ní ó kówó jẹ bá ti délẹ̀ ní yàrá wa, gbólóhùn kan náà la máa ń gbọ́: "Kí wọ́n yọ ọ́ kíá! Kí ni wọ́n tún ń dúró dè?" Ìtàn Èkìtì la fẹ́ fi dáhùn ìbéèrè yẹn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tó ń mú kí ara máa ta àwọn ènìyàn. Abala 308 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 ní a kò gbọ́dọ̀ gbé gómìnà lọ sí ilé ẹjọ́ lórí ẹ̀sùn ọ̀daràn, a kò sì gbọ́dọ̀ fi í sí àtìmọ́lé, níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì wà lórí àléfà. Ohun yòówù kí àjọ EFCC rí kó jọ, ó di ìgbà tó bá kúrò nípò kí adájọ́ tó lè gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Bí sáà rẹ̀ kò bá tíì pé, tí òun náà kò sì fẹ́ fipò sílẹ̀, ọ̀nà tó kù fún àwọn aṣòfin láti mú un kúrò nítorí ìwà ìbàjẹ́ ni abala 188.

Abala 188 kò ṣòro láti kà, ṣùgbọ́n ìgbésẹ̀ rẹ̀ pọ̀. Ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn aṣòfin ni yóò kọ́kọ́ fọwọ́ sí ìwé ẹ̀sùn, tí abẹnugan yóò sì fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí gómìnà láàárín ọjọ́ 7. Lẹ́yìn èyí, ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ọmọ ilé gbọ́dọ̀ dìbò pé kí ìwádìí wáyé. Abẹnugan yóò wá ní kí adájọ́ àgbà ìpínlẹ̀ yan ènìyàn 7 tí ìwà wọn mọ́, tí wọn kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba, aṣòfin tàbí ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú. Gómìnà ní ẹ̀tọ́ láti wí tẹnu rẹ̀ níwájú wọn, tàbí kó rán agbẹjọ́rò. Bí ìgbìmọ̀ náà bá ní ẹ̀sùn kò fìdí múlẹ̀, ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Bí wọ́n bá ní ó fìdí múlẹ̀, ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé gbọ́dọ̀ tún fọwọ́ sí i kí gómìnà tó lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti parí yẹn gan-an ni wọ́n ti fò kọjá ní Adó-Èkìtì.

Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan Fáyóṣe kì í ṣe kékeré. Wọ́n ní owó tó lé ní bílíọ̀nù kan náírà, tí ìjọba rẹ̀ yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ ọ̀sìn adìẹ, bá ibòmíràn lọ. EFCC, tí Nuhu Ribadu jẹ́ alága rẹ̀ nígbà náà, ń wádìí. Àwọn aṣòfin bẹ̀rẹ̀ ètò ìyọnípò, Adájọ́ Àgbà Kayode Bamisile sì yan ènìyàn 7. Àwọn aṣòfin fapá jánú, wọ́n ní ọ̀rẹ́ gómìnà ló kún inú ìgbìmọ̀ náà. Ìgbìmọ̀ ṣe iṣẹ́ wọn, wọ́n sì dá Fáyóṣe sílẹ̀.

Bóyá àwọn aṣòfin tilẹ̀ jàre nínú ìfura wọn, àwa kò lè búra sí i. Ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ìyẹn ló ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Wọ́n ní àwọn ti dá adájọ́ àgbà dúró lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n fi Adájọ́ Jide Aladejana sípò adelé, òun náà sì yan ìgbìmọ̀ tuntun. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ìgbìmọ̀ kejì ti ní gómìnà àti igbákejì rẹ̀ jẹ̀bi. Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹwàá ọdún 2006, wọ́n yọ àwọn méjèèjì. Adájọ́ Àgbà Nàìjíríà, Alfa Belgore, ti sọ pé yíyàn tí wọ́n yan Aladejana lòdì sí òfin, ṣùgbọ́n wọn kò gbọ́. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Kí oṣù náà tó parí, Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ti kéde ìjọba pàjáwìrì ní Èkìtì, ó sì rán ọ̀gágun tó ti fẹ̀yìn tì, Adétúnjí Olúrìn, láti wá ṣàkóso fún oṣù mẹ́fà. Ẹnikẹ́ni kò dìbò yàn án. Àwọn tó dìbò fún gómìnà ní 2003 àti àwọn tó kórìíra rẹ̀ jọ pàdánù ìjọba tí wọ́n yàn fúnra wọn.

Ọ̀rọ̀ Èkìtì nìkan kọ́. Ní ọdún kan náà, irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ìjà ńlá bẹ́ sílẹ̀ láàárín Gómìnà Ràṣídì Ládọjà àti Olóyè Lámídì Adédibú. Ní oṣù kejìlá ọdún 2005, aṣòfin 18 nínú 32 kóra jọ sí ilé ìtura kan ní Ìbàdàn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ètò ìyọnípò níbẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ 12 oṣù kìíní ọdún 2006, wọ́n ní àwọn ti yọ Ládọjà, wọ́n sì búra fún igbákejì rẹ̀, Àlàó Akálà. Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀: ìdá méjì nínú mẹ́ta 32 kò lè dín ní 22. Ní ọjọ́ 7 oṣù kejìlá ọdún náà, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ fagi lé ìyọnípò náà, Ládọjà sì padà sípò.

Ìdájọ́ yẹn ṣe pàtàkì. Abala 188 fúnra rẹ̀ sọ pé ilé ẹjọ́ kankan kò gbọ́dọ̀ dá sí ọ̀rọ̀ ìyọnípò, ohun tí àwọn aṣòfin sì fẹ̀yìn tì nìyẹn. Àwọn adájọ́ ní ààbò yẹn wà fún ilé tó bá tẹ̀ lé gbogbo ìgbésẹ̀ tó ṣáájú. Ẹni tó bá fo ìgbésẹ̀ kan kò lè sá sábẹ́ rẹ̀.

Ọgbọ́n yìí kò ṣàjèjì sí àwọn baba ńlá wa. Ọ̀yọ́ Mèsì ní agbára láti kọ Aláàfin tó bá ń ṣi agbára lò. Nígbà tí agbára náà bọ́ sọ́wọ́ Baṣọ̀run Gáà, ó sọ ọ́ di ohun tó fi ń pa ọba kan tẹ̀ lé òmíràn, títí Aláàfin Abíọ́dún fi ṣẹ́gun rẹ̀ ní 1774. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ pé bí o láyà kí o ṣìkà, bí o rántí ikú Gáà kí o ṣòótọ́. Nínú ìtàn yẹn, ẹni tí wọ́n ní kó máa bá ọba wí ló burú ju ọba lọ.

Ẹ padà sí Èkìtì pẹ̀lú wa. EFCC gbé Fáyóṣe lọ sí ilé ẹjọ́ lẹ́yìn tó kúrò nípò, ọdún sì ń gorí ọdún. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹfà ọdún 2014, ó tún díje, ó sì fẹ̀yìn gómìnà tó wà lórí àléfà, Káyọ̀dé Fáyẹmí, gbálẹ̀ ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 16. Ọjọ́ tó búra wọlé ni ọjọ́ 16 oṣù kẹwàá, ọdún mẹ́jọ gééré sí ọjọ́ tí wọ́n yọ ọ́. Àwọn kan pe ẹjọ́ pé ẹni tí a ti yọ nípò kò lẹ́tọ̀ọ́ láti díje, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ sì dá a láre ní oṣù kẹrin ọdún 2015. Ààbò abala 308 ti tún bò ó. Ohun tí àwọn aṣòfin 2006 fi ìkánjú wọn rà fún un ni pé ó rí ibi dúró sí láti ní wọ́n fìyà jẹ òun ni. Ẹni tó fẹ́ mọ ibi tí owó adìẹ wọlé sí kò rí nǹkan kan jẹ nínú ìkánjú náà.

Àwọn kan lè ní à ń gbèjà olè. Rárá o. Ẹ wo Joshua Dariye ní Ìpínlẹ̀ Plateau. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2006 kan náà, aṣòfin tí kò ju ìdá kan nínú mẹ́ta ilé lọ yọ ọ́ lórí ẹ̀sùn owó ìlú. Ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ dá a padà ní oṣù kẹrin ọdún 2007. Ọ̀pọ̀ ló rò pé ó ti bọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí sáà rẹ̀ parí, EFCC gbé e lọ sí ilé ẹjọ́, ní oṣù kẹfà ọdún 2018 sì ni adájọ́ rán an lọ sẹ́wọ̀n ọdún 14. Ó pẹ́ gan-an, ìjọba àpapọ̀ sì tún foríjì í ní 2022, ṣùgbọ́n ìdájọ́ pé ó jẹ̀bi wà nínú ìwé. Bí wọ́n ṣe yọ ọ́ lọ́nà àìtọ́ kò sọ pé ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Bí ọwọ́ rẹ̀ kò sì ṣe mọ́ kò sọ pé wọ́n yọ ọ́ bó ti yẹ.

Nítorí náà, nígbà mìíràn tí a bá tún ń jiyàn ní yàrá, ẹ jẹ́ ká béèrè nǹkan mẹ́ta kí a tó pariwo "Yọ ọ́ kíá": àwọn aṣòfin mélòó ló dìbò? Ta ló yan ènìyàn 7? Ṣé wọ́n jẹ́ kí ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn wí tẹnu rẹ̀? Kò yẹ ká fi mọ sórí gómìnà nìkan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ rí mọ bí a ṣe ń yọ akápò ní òru ọjọ́ kan lórí owó tí ẹnikẹ́ni kò tíì kà. Bí àwa náà kò bá lè ní sùúrù láti ka owó nínú ìpàdé wa, àwọn aṣòfin ọ̀la ni wá yìí, irú ilé aṣòfin Adó-Èkìtì ti 2006 náà la ó sì padà lọ kọ́.