Ọba Ẹlẹ́ja, Ọba Olómi Òkun

Òṣogbo kò sí létí òkun, Iléṣà náà kò sí níbẹ̀. Síbẹ̀, ẹ wo orúkọ oyè ọba wọn. Àtáọ́ja ni ti Òṣogbo: ẹni tó tẹ́wọ́ gba ẹja. Ọwá Obòkun ni ti Iléṣà: ẹni tó bu omi òkun. Àwa tí pánlá inú yìnyín kún ìṣasùn wa, a kì í sábà ronú kàn án.

Ìtàn Ìjẹ̀ṣà sọ pé ojú Odùduwà fọ́, wọ́n sì ní omi òkun ló máa là á. Ajíbógun ló gbà láti lọ bù ú wá. Ó pẹ́ lọ́nà gan-an. Kó tó dé, àwọn ẹ̀gbọ́n ti pín ogún tán. Idà ló kù tí bàbá fún un.

Ti Òṣogbo ńkọ́? Ìpólé nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà yìí kan náà ni Láròóyè ti kó àwọn èèyàn rẹ̀ wá nígbà tí omi wọ́n wọn. Wọ́n tẹ̀dó sí etí odò Ọ̀ṣun. Ó rúbọ sódò, ẹja ńlá kan fò jáde, ọba sì tẹ́ ọwọ́ méjèèjì gbà á. Títí dòní, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pẹja nínú igbó Ọ̀ṣun, tí UNESCO kà mọ́ ohun ìní gbogbo ayé ní 2005. (Ìlú tí oyè ọba rẹ̀ ti ara ẹja wá, tí wọn ò sì gbọdọ̀ ju àwọ̀n síbẹ̀!)

Ṣùgbọ́n odò kì í dúró nínú igbó. Ọ̀ṣun ń ṣàn lọ síhà gúúsù títí ó fi wọ ọ̀sà Lékí, tó so mọ́ ọ̀sà Èkó lọ́nà Ẹ̀pẹ́. Àwọn apẹja ń ju àwọ̀n níbẹ̀, wọ́n ń dẹ ìgèrè. Lẹ́ẹ̀rùn, omi iyọ̀ máa ń gba ẹnu òkun wọ ọ̀sà Èkó, àwọn ẹja òkun a sì bá a wọlé. Tójò bá dé, omi odò á tì í padà. Apẹja tí kò bá mọ ìgbà tí èyí ń wọlé tí tọ̀hún ń jáde, ọkọ̀ òfìfo ló máa wà bọ̀ wálé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wúrà ti wọ̀ ọ́ nìyí. Àwọn kan ń wa wúrà láìgbàṣẹ nílẹ̀ àwọn ọmọ Obòkun, omi odò ni wọ́n sì fi ń fọ erùpẹ̀ rẹ̀. Ọ̀ṣun wá pọ́n bí omi amọ̀. Lásìkò ọdún Ọ̀ṣun 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ kìlọ̀ kí èèyàn má mu omi náà, omi tí àwọn àgàn ń bù sínú kẹ́ẹ̀gì lọ sílé! Àwọ̀n àti ìwọ̀ ni òfin igbó mọ̀. Kò mọ ẹ̀rọ tó ń fa omi lókè odò. Àwọn apẹja ọ̀sà sì wà nísàlẹ̀, ohunkóhun tí odò bá gbé wá, àwọ̀n wọn ló máa kó o.