Enaiposha: Ayé Kékeré Tí A Kò Tètè Rí Kà

Bí ẹ bá gun àtẹ̀gùn Òkè Ìdànrè, àwọn àtẹ̀gùn tó lé ní 600 yẹn, ẹ ó dé ìlú àtijọ́ tí àwọn ará Ìdànrè ń gbé kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ wá sísàlẹ̀ ní ọ̀rúndún tó kọjá. Ẹ ó rí ààfin Ọwá àtijọ́, ẹ ó rí kóòtù àtijọ́, ẹ ó rí ipa ẹsẹ̀ Agbóògùn. Wọ́n á tún fi àwọn àmì kan hàn yín lára àpáta, tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí kà. Ìwé ni àbí kì í ṣe ìwé? Ta ló kọ ọ́? A ò mọ̀. Síbẹ̀, kò sí ará Ìdànrè tó máa sọ pé torí a ò rí i kà, kò sí nǹkan níbẹ̀.

Àpáta yẹn la fi bẹ̀rẹ̀ torí pé ìtàn tí a fẹ́ sọ lónìí jọ tiẹ̀. Ìtàn ayé kékeré kan ni, lójú ọ̀run lọ́hùn-ún, tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tẹjú mọ́ fún ohun tó lé lọ́dún 13 kí wọ́n tó rí ọ̀rọ̀ díẹ̀ kà lára rẹ̀.

Ìràwọ̀ ni oòrùn wa, ayé tiwa yìí sì jẹ́ pílánẹ́ẹ̀tì tó ń yí i po. Àwọn ìràwọ̀ mìíràn náà ní pílánẹ́ẹ̀tì tiwọn. Ìràwọ̀ tí à ń wí yìí wà lára àwọn ìràwọ̀ pupa kéékèèké, irú èyí tó pọ̀ jù lọ lágbègbè wa lójú ọ̀run. Wọn ò gbóná tó oòrùn, ìmọ́lẹ̀ wọn sì kéré débi pé ojú lásán ò lè rí wọn. Fífẹ̀ tiẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ti oòrùn lọ. Ó jìnnà sí wa tó ọdún ìmọ́lẹ̀ 48. Ìyẹn ni pé ìmọ́lẹ̀ tó bá kúrò níbẹ̀ lálẹ́ òní, ọdún 48 ni yóò fi rìn kó tó dé Òkè Ìdànrè. Àwọn ará Jámánì méjì, Gliese àti Jahreiß, ló to àwọn ìràwọ̀ tó sún mọ́ wa sínú ìwé. Nọ́ńbà tó kan èyí ni GJ 1214. Orúkọ tó ń jẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún nìyẹn, bíi nọ́ńbà ọkọ̀.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2009, David Charbonneau ti Yunifásítì Harvard àti ikọ̀ rẹ̀ kéde pé àwọn ti rí pílánẹ́ẹ̀tì kan tó ń yí i po. Ẹ má rò pé awò ràgàjì kan ni wọ́n lò o. Awò awọ̀nàjíjìn kéékèèké mẹ́jọ ni wọ́n tò sórí òkè kan ní Arizona, l'Ámẹ́ríkà, ojú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ò sì ju sẹ̀ǹtímítà 40 lọ. Bí pílánẹ́ẹ̀tì bá ń kọjá níwájú ìràwọ̀ rẹ̀, ó máa ń dí ìmọ́lẹ̀ díẹ̀. Tí kòkòrò bá bà lé iná ńlá ojú títì, ẹ lè má mọ̀. Tó bá bà lé ojú tọ́ọ̀ṣì, kíá lẹ ó rí i. Ìdí nìyẹn tí ìràwọ̀ kékeré fi dára fún ẹni tó ń wá pílánẹ́ẹ̀tì kékeré.

Kékeré ni lóòótọ́, tí a bá fi wé Júpítà. Àmọ́ ó fẹ̀ ju ayé wa lọ ní ìlọ́po méjì àbọ̀ ó lé díẹ̀, ó sì wúwo tó ayé mẹ́jọ. Ẹ fara balẹ̀ ṣe ìṣirò yẹn. Nǹkan tó tóbi tó bẹ́ẹ̀, tó bá jẹ́ àpáta bíi ti Ìdànrè látòkè délẹ̀, ó yẹ kó wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Torí náà, kì í ṣe òkúta nìkan ló wà níbẹ̀. Ṣé omi ni àbí gáàsì?

Ó tún sún mọ́ ìràwọ̀ rẹ̀ débi pé wákàtí 38 péré ló fi ń yí i po. Ọdún kan níbẹ̀ ò tó ọjọ́ méjì wa! Àwọn onímọ̀ sì gbà pé ojú kan náà ló ń kọ sí ìràwọ̀ rẹ̀ nígbà gbogbo, bí òṣùpá ṣe ń ṣe sí wa. Apá kan wà lọ́sàn-án títí, apá kejì wà lóru títí.

Kí wọ́n lè mọ ohun tó wà nínú afẹ́fẹ́ rẹ̀, wọ́n dojú awò Hubble kọ ọ́. Gáàsì kọ̀ọ̀kan ló ní àmì tó máa ń fi sára ìmọ́lẹ̀ tó bá gba inú rẹ̀ kọjá. Àmì yẹn ni wọ́n fẹ́ kà. Wákàtí 96 ni wọ́n fi wò ó láàárín oṣù 11. Ní oṣù Kìíní ọdún 2014, Laura Kreidberg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé èsì jáde: wọn ò rí àmì kankan. Ṣé kò sí afẹ́fẹ́ níbẹ̀ ni? Rárá o. Kùrukùru ló bò ó. Ẹni tó bá mọ ọyẹ́ máa mọ ohun tí à ń wí. Bí òkè ṣe ga tó, tí kùrukùru bá ti bò ó, ẹ ó dúró nísàlẹ̀ ẹ ò ní rí i. Bẹ́ẹ̀ òkè ò lọ síbì kankan.

Nígbà tí awò Webb dé, wọ́n yí ọgbọ́n padà. Ooru pílánẹ́ẹ̀tì náà ni wọ́n wò, láti ìbẹ̀rẹ̀ ìyípo rẹ̀ kan dé òpin. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, Eliza Kempton ti Yunifásítì Maryland àti ikọ̀ rẹ̀ sọ ohun tí wọ́n rí. Apá ọ̀sán gbóná tó nǹkan bí 280 lórí òṣùwọ̀n Celsius, apá òru tó nǹkan bí 165. Omi sì rèé, 100 ló ń hó níbí. Torí náà, ẹ má tíì kó ẹrù yín o. Kùrukùru náà ń ta ìmọ́lẹ̀ padà ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Bí ooru apá méjèèjì sì ṣe jìnnà síra wọn fi hàn pé kì í ṣe gáàsì fífúyẹ́ ló pọ̀ jù níbẹ̀, bí kò ṣe ohun tó wúwo jù ú lọ, bí oru omi.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023 kan náà ló gba orúkọ. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ lágbàáyé, IAU, ti mú ìràwọ̀ 20 tó ní pílánẹ́ẹ̀tì kalẹ̀, wọ́n ní kí ará ayé wá sọ wọ́n lórúkọ. Ikọ̀ kan láti Kẹ́ńyà ló gba GJ 1214. Èdè Maa, èdè àwọn Maasai, ni wọ́n lò. Wọ́n pe ìràwọ̀ náà ní Orkaria, àwọ̀ erùpẹ̀ pupa tí àwọn Maasai fi ń para bí àwa ṣe ń fi osùn para. Wọ́n pe pílánẹ́ẹ̀tì náà ní Enaiposha, ìyẹn omi ńlá bí adágún. Inú ọ̀rọ̀ yẹn náà ni orúkọ adágún Naivasha ti wá. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Wọ́n wo ilé, wọ́n sì wo ọmọ náà: ìràwọ̀ pupa, ayé tí wọ́n fura pé omi wà níbẹ̀.

Nàìjíríà náà ti ṣe irú rẹ̀ rí. Ní 2019, a pe ìràwọ̀ kan ní Amadioha, òrìṣà àrá àwọn Igbo, a sì pe pílánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ní Equiano, ọmọ Igbo tó kọ ìwé tako òwò ẹrú. Inú wa dùn sí i. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká bi ara wa léèrè: Yorùbá ńkọ́? Àwọn baba wa ò dúró de ẹnikẹ́ni kí wọ́n tó sọ ìràwọ̀ tó ń bá òṣùpá rìn ní Àgùàlà, bẹ́ẹ̀ sì rèé, pílánẹ́ẹ̀tì ni. Àwa tá a ń kọ èyí, a yá ọ̀rọ̀ lò lọ́pọ̀ ìgbà kí ọ̀rọ̀ wa tó yé yín. Akẹ́kọ̀ọ́, olùkọ́ àti onímọ̀ ìràwọ̀ ni IAU ní kó para pọ̀ di ikọ̀ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ yẹn. Ẹni tí kò tíì kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka ojú ọ̀run, báwo ló ṣe máa mọ orúkọ tó yẹ ọmọ?

Lórí Òkè Ìdànrè tí àwọn àmì tí a ò rí kà yẹn wà, wọ́n kọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan síbẹ̀ ní 1896. Nígbà náà, àwọn ọmọdé kọ́ A-B-D nítòsí ohun tí àgbà ò rí kà. Ohun tó yẹ káwa náà ṣe nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí Àgùàlà. Lálẹ́ tó bá yọ, ẹ fi han àbúrò yín, kẹ́ ẹ sì sọ fún un pé ayé kan ni.