A Kì í Fárí Lẹ́yìn Olórí

A kì í fárí lẹ́yìn olórí. Ìdí iṣẹ́ onígbàjámọ̀ ni òwe náà ti jáde. Ó lè pọ́n abẹ kó mú bérébéré, kó po ọṣẹ, kó tẹ́ ẹní sábẹ́ igi. Bí ẹni tó ni orí kò bá tíì dé, kò sí ohun tó fẹ́ fá. Ìpàdé ẹbí ni a ti sábà máa ń pa á: wọ́n fẹ́ pín ilẹ̀, ẹni tó nípìn-ín níbẹ̀ wà lẹ́yìn odi, àgbàlagbà kan á ní kí wọ́n dúró dè é.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà nínú òwe yìí tí a máa ń sáré kọjá: "lẹ́yìn". Ara lè wà níbì kan kí ẹni tó ni ara má sí níbẹ̀. Onígbàjámọ̀ tó mọṣẹ́ mọ èyí. Kí abẹ rẹ̀ tó kan irun, á bèèrè: "Ṣé ká fá a kodoro ni, àbí ká kàn gé e mọ́lẹ̀?" Bí kò bá bèèrè tó fi fá a, ẹ̀yìn olórí ló ti fá a, bí olórí tilẹ̀ jókòó síwájú rẹ̀.

Ilé ìwòsàn alábọ́dé ni mo ti rí irú fífá bẹ́ẹ̀. Mo tẹ̀lé àbúrò ìyá mi lọ sí ọ̀kan nítorí orí tó ń fọ́ ọ. Wọ́n so nǹkan mọ́ ọn lápá, wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sí káàdì, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ kan, wọ́n da oògùn oríṣi mẹ́ta sínú ọ̀rá. Nígbà tí a jáde, mo ní, "Màmá, kí ni wọ́n ní ó ń ṣe yín?" Ó wo ọ̀rá náà. "Wọn ò sọ. Wọ́n ṣáà ní kí n máa lò ó." Obìnrin tó ti ń ta aṣọ láti ìgbà èwe, tí ẹnikẹ́ni kò lè fi náírà márùn-ún rẹ́ jẹ, ló gba abẹ́rẹ́ tí kò mọ orúkọ rẹ̀, fún àìsàn tí kò mọ orúkọ rẹ̀.

Òfin kò gbà bẹ́ẹ̀. Abala 23 nínú Òfin Ìlera Nàìjíríà ti ọdún 2014 ní kí ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn sọ bí ara rẹ̀ ti rí fún un, àyẹ̀wò àti ìtọ́jú tó wà, àǹfààní wọn, ewu wọn, iye tí yóò ná an, àti pé ó lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀. Ó wá fi kún un pé, níbi tó bá ti ṣeé ṣe, èdè tí aláìsàn gbọ́ ni kí wọ́n fi sọ ọ́, ní ọ̀nà tó bá ìwọ̀n ìwé tó kà mu. Gbólóhùn tó kẹ́yìn yìí ló ká mi lára jù. Nọ́ọ̀sì Yorùbá, aláìsàn Yorùbá, síbẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń dárúkọ àìsàn. Ẹ sọ fún ìyá àgbà pé "BP yín ga", á ní Ọlọ́run á bá òun sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹ sọ pé ẹ̀jẹ̀ ríru ni, á fara balẹ̀ gbọ́, nítorí ó mọ ẹni tó ti rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀ ládùúgbò. Ìtọ̀ ṣúgà, ikọ́ ife: wọ́n ní orúkọ lẹ́nu wa.

Ẹ tún wo ẹni tí òfin gbé ẹrù náà lé. Kò ní kí aláìsàn bèèrè. Ó ní kí olùtọ́jú sọ. Èyí ṣe kókó láàárín àwa tí wọ́n kọ́ pé bíbi ẹni tó juni lọ léèrè ọ̀rọ̀, àfojúdi ni. Bí ara kò bá sì yá, nọ́ọ̀sì ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún á di ẹni tó ju ìyá ẹni àádọ́rin lọ. Onígbàjámọ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ lanu.

Ẹni tí wọ́n bi léèrè sì gbọ́dọ̀ lè sọ pé rárá. Ní ọdún 2001, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dá Dókítà Okonkwo láre, ẹni tí ìgbìmọ̀ ìbáwí àwọn oníṣègùn ti fìyà jẹ nítorí pé kò fa ẹ̀jẹ̀ sí obìnrin kan tó jẹ́ Ẹlẹ́rìí Jèhófà lára. Obìnrin náà ti kọ̀ ọ́, ó sì kú. Ọ̀rọ̀ náà wúwo, kò sì sí ẹni tí inú rẹ̀ máa dùn sí i. Síbẹ̀ ilé ẹjọ́ gbà pé obìnrin náà ló ni ara rẹ̀. Mo máa ń rántí ẹjọ́ yìí bí mo bá gbọ́ pé wọ́n ní kí obìnrin tó wá fún ìfètòsọ́mọbíbí lọ mú ọkọ rẹ̀ wá kí wọ́n tó dá a lóhùn. Bí ó bá wù ú láti mú un wá, ó dára. Ṣùgbọ́n àgbàlagbà tí orí rẹ̀ pé ni, òun ni olórí.

Àwọn ẹ̀tọ́ mìíràn wà. Abala 20 nínú Òfin Ìlera yẹn ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe kọ ìtọ́jú fún ẹni tí ọ̀ràn rẹ̀ jẹ́ pàjáwìrì. Owó ìtanràn 100,000 náírà, ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù mẹ́fà lọ, tàbí méjèèjì ni ìyà rẹ̀. Ní ọjọ́ 31 oṣù Keje ọdún 2018, Igbákejì Ààrẹ ìgbà náà, Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò, ṣe ìfilọ́lẹ̀ ìwé ẹ̀tọ́ aláìsàn tó ka ẹ̀tọ́ 12. Mi ò fojú kéré ìkankan, àmọ́ ẹni tí wọn kò bá sọ̀rọ̀ yé kò lè lo èyíkéyìí nínú wọn.

Mo mọ̀ pé nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo lè wà ní ilé ìwòsàn alábọ́dé kí aláboyún kún orí bẹ́ǹṣì. Ẹni tí kò rí àyè jẹun láti àárọ̀, ẹnu rẹ̀ á le. Ìjọba ìbílẹ̀ tó fi òun nìkan síbẹ̀ pín nínú ẹ̀bi náà.

Nígbà tí èmi àti Màmá padà lọ sí ilé ìwòsàn náà, nọ́ọ̀sì mìíràn la bá. Ó fa àpótí jókòó. "Màmá, ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ẹ lè má mọ̀ ọ́n lára rárá, àmọ́ ó wà níbẹ̀. Èyí funfun, ẹyọ kan láàárọ̀. Ó lè mú kí ẹsẹ̀ wú. Bó bá wú, ẹ má kàn dá a dúró fúnra yín, ẹ padà wá." Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ọrùn ẹsẹ̀ wú. Màmá mú ọ̀rá oògùn rẹ̀, ó ṣa èyí funfun sọ́tọ̀, ó wọ ọkọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn. Ìrọ̀lẹ́ ni mo tó gbọ́.