Ẹnì Kẹta: Bí Òfin Ìnṣọ́ránsì Mọ́tò Ti Bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà



Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ní ọmọ tàbí àbúrò tí ń wa mọ́tò ní Houston tàbí ní Boston. Bí ẹni bẹ́ẹ̀ bá ra mọ́tò, kò ní pẹ́ tí yóò fi gba ìwé ìnṣọ́ránsì tí a kọ iye mẹ́ta sí. Ní ìpínlẹ̀ Texas, iye tí ó kéré jù tí òfin gbà ni 30/60/25. Ní Massachusetts, láti oṣù keje 2025, ó jẹ́ 25/50/30. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là ni à ń kà níbẹ̀. Àwọn mìíràn a máa rò pé mọ́tò tiwọn ni owó náà wà fún. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Kí ó tó lè yé wa, àfi kí a padà sẹ́yìn ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún.

Àwọn baba wa ní, ẹni tí ó da eérú ni eérú ń tọ̀. Òfin Amẹ́ríkà kò jìnnà sí èyí: ẹni tí àìbìkítà rẹ̀ bá pa ẹlòmíràn lára ni yóò san owó ìwòsàn rẹ̀, yóò sì san owó iṣẹ́ tí ẹni náà pàdánù. Ṣùgbọ́n nígbà tí mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ lẹ́yìn ogun 1914 sí 1918, a rí i pé eérú kì í sábà tọ ẹni tí ó dà á. Ẹ wò ó ná: mọ́tò gbá káfíńtà kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan sì ṣẹ́. Ó pe ẹjọ́, ó jàre, adájọ́ sì ní kí a san ẹgbẹ̀rún mẹ́ta dọ́là fún un. Bí awakọ̀ náà kò bá ní ju mọ́tò jákujàku rẹ̀ lọ ńkọ́? Ìwé ìdájọ́ kì í ra búrẹ́dì fún ọmọ ẹnikẹ́ni.

Connecticut ni ó kọ́kọ́ wá nǹkan ṣe sí i. Òfin tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ní 1925 ní kí awakọ̀ tí ó bá ti fa jàǹbá fi ẹ̀rí hàn pé bí òun bá tún fa òmíràn, òun ní agbára láti sanwó. Ó dára, ṣùgbọ́n kí ni ẹni tí ó kọ́kọ́ gbá rí gbà? Ìgbà tí ajá bá bu ènìyàn jẹ tán ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá okùn.

Ní ọdún kan náà, àwọn aṣòfin Massachusetts gba ọ̀nà mìíràn. Wọ́n ní láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1927, a kò ní fún mọ́tò ní nọ́mbà àyàfi bí olówó rẹ̀ bá kọ́kọ́ mú ẹ̀rí ìnṣọ́ránsì wá, tàbí kí ó fi owó ìdúró sílẹ̀. Iye rẹ̀ ni 5,000 dọ́là fún ẹnì kan tí ó bá fara pa, àti 10,000 fún gbogbo àwọn tí ó bá fara pa nínú jàǹbá kan. Òfin náà kò sọ nǹkan kan nípa mọ́tò tí ó bàjẹ́. Ara ènìyàn ni ó ń ṣọ́: kì í ṣe ara onímọ́tò tí ó jẹ́ ẹnì kìíní, kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì tí ó jẹ́ ẹnì kejì, bí kò ṣe ara ẹnì kẹta tí ń fi ẹsẹ̀ rẹ̀ rìn lọ jẹ́jẹ́. Ọ̀rọ̀ ẹnì kẹta yìí kò ṣàjèjì sí wa; òun náà ni òfin àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti 1930 àti èyí tí a ṣe fún Nàìjíríà ní 1945 dá lé lórí.

Ẹnì kan lè rò pé inú àwọn ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì yóò dùn, nígbà tí òfin ń lé oníbàárà bọ̀ wá bá wọn. Rárá o! Wọ́n ta kò ó gidigidi. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé ìjọba yóò máa bá wọn pinnu iye tí wọn yóò gbà, bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó sì rí ní Massachusetts. Ìpínlẹ̀ náà nìkan ni ó dá rìn fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún, títí New York fi ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ ní 1956, tí North Carolina sì tẹ̀ lé e ní 1957.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu pé ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Ní 1945, ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ fi òfin fi ọ̀rọ̀ ìnṣọ́ránsì sílẹ̀ fún àwọn ìpínlẹ̀. Títí di òní, New Hampshire kò fi dandan mú gbogbo onímọ́tò láti rà á, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tí ó bá ṣe ènìyàn léṣe níbẹ̀ kò bọ́ lọ́wọ́ gbèsè.

Ẹ jẹ́ kí a wá padà sórí iye mẹ́ta wọ̀nyẹn. Ti Texas túmọ̀ sí 30,000 dọ́là fún ẹnì kan tí a bá ṣe léṣe, 60,000 fún gbogbo wọn nínú jàǹbá kan, àti 25,000 fún ohun ìní wọn tí ó bàjẹ́. Bí owó ilé-ìwòsàn ẹnì kan bá di 80,000, ilé-iṣẹ́ yóò san 30,000, 50,000 tí ó kù yóò sì wà lọ́rùn awakọ̀. Ní 1927, 5,000 dọ́là lè ra mọ́tò Ford tuntun tí kò ní ìbòrí líle ju méjìlá lọ. Lónìí, ẹni tí ó bá mú 25,000 lọ sí ọjà mọ́tò tuntun, ẹyọ kan ni yóò rà, kékeré ni yóò sì jẹ́. Nítorí náà ni èmi kì í fi í gba ẹnikẹ́ni tí ó bá ní agbára nímọ̀ràn pé kí ó dúró sórí iye tí òfin dá.

Mọ́tò tiwa fúnra wa ńkọ́? Ọ̀tọ̀ ni à ń ra ìnṣọ́ránsì tirẹ̀. Ọ̀kan wà fún ìgbà tí ó bá kọlu nǹkan, òmíràn wà fún olè, iná, yìnyín àti igi tí ó wó lù ú. Òfin kò fi dandan mú wa rà wọ́n, ṣùgbọ́n báńkì tí ó bá yá wa lówó ra mọ́tò yóò béèrè fún wọn. Ọ̀kan tún kù tí mo kà sí pàtàkì jù, èyí tí ń dáàbò bo àwa fúnra wa bí ẹni tí kò ní ìnṣọ́ránsì bá gbá wa, nítorí a rí irú wọn síbẹ̀, pẹ̀lú gbogbo òfin yìí. Massachusetts fi dandan lé e. Ní Texas, ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi lọ̀ wá, bí a kò bá sì fẹ́ ẹ, a óò fọwọ́ sí ìwé pé a kò fẹ́. Ìwé kékeré ni, láàárín ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwé mìíràn, a sì máa ń yá àwọn ọmọ wa lára láti fọwọ́ sí i nígbà tí wọ́n ń kánjú kí wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. Ẹ bá wa sọ fún wọn nígbà tí ẹ bá bá wọn sọ̀rọ̀, kí wọ́n kà á ná.