Ọdún Méjìdínlógójì tí Bọ́ọ̀lù Fi Jẹ́ Èèwọ̀ fún Obìnrin Bràsíl

Ẹni tó bá ti ń tẹ̀lé bọ́ọ̀lù àwọn obìnrin Nàìjíríà tipẹ́ kò jẹ́ gbàgbé ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Keje ọdún 1999. Ní Landover, nítòsí Washington, Bràsíl ti fi ayò mẹ́ta sí òdo na àwọn Super Falcons kí wọ́n tó lọ sinmi ìlàjì. Bí wọ́n ṣe padà dé ni eré yí padà. Prisca Emeafu dá ọ̀kan padà, Nkiru Okosieme fi èkejì lé e, nígbà tó sì ku ìṣẹ́jú márùn-ún kí eré parí, Nkechi Egbe sọ ọ́ di mẹ́ta sí mẹ́ta. Wọ́n bọ́ sí àfikún àkókò, níbi tó ti jẹ́ pé ẹni tó bá kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù wọ àwọ̀n ló borí lójú ẹsẹ̀. Ní ìṣẹ́jú kẹrìnlélọ́gọ́rùn-ún, Bràsíl rí fíríkíìkì gbà. Obìnrin kan tó gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀ dúró ti bọ́ọ̀lù náà, ó fi ẹsẹ̀ òsì gbá a, ó sì wọlé. Sissi lorúkọ rẹ̀. Ọmọ ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni lọ́jọ́ yẹn. Esplanada ní ìpínlẹ̀ Bahia ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1967, títí tó sì fi tó nǹkan bí ọmọ ọdún méjìlá, òfin orílẹ̀-èdè rẹ̀ kò gbà á láyè láti gbá bọ́ọ̀lù. Orí bèbí tí wọ́n rà fún un ló máa ń yọ, tí yóò máa gbá kiri.

Mo fi Sissi ṣáájú nítorí ìbéèrè kan tí àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù kì í yé bi ara wọn: kí ló dé tí ilẹ̀ tí gbogbo ayé gbà pé bọ́ọ̀lù fìdí jókòó sí kò tíì gba Ife Àgbáyé àwọn obìnrin rí? Àwọn kan ní orí ni kò ṣe é, àwọn mìíràn ní owó ni kò sí. Bí mo ṣe rí i sí, ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà láti 1991, ọdún tí ìdíje yẹn kọ́kọ́ wáyé, ti fi àádọ́ta ọdún pẹ́. Ọdún 1941 ni ọ̀rọ̀ ti wọ́, ohun tí wọ́n sì bà jẹ́ lọ́dún náà kò tíì sàn tán títí di bí mo ṣe ń sọ yìí.

Kò sí ẹni tó ń ṣòfin de ohun tí kò sí. Láàárín 1920 sí 1940, àwọn eléré sákọ́ọ̀sì tó ń ti ìlú dé ìlú ní Bràsíl máa ń fi bọ́ọ̀lù àwọn obìnrin dá èrò lára yá. Nígbà tó fi máa di 1940, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní àpárá: ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù obìnrin ti wà ní àwọn àdúgbò òṣìṣẹ́ lẹ́yìn odi Rio de Janeiro. Ní oṣù Karùn-ún ọdún náà, díẹ̀ lára wọn gbéra lọ sí São Paulo láti lọ figagbága ní Pacaembu, pápá ńlá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ní oṣù Kẹrin. Nínú oṣù Kẹrin yẹn kan náà ni ọkùnrin kan tó ń jẹ́ José Fuzeira kọ lẹ́tà sí Ààrẹ Getúlio Vargas, tí ìwé ìròyìn sì gbé e jáde. Ó ní bọ́ọ̀lù yóò ṣe ilé ọmọ lára obìnrin níjàǹbá. Ó tún kìlọ̀ pé bí ìjọba bá dákẹ́, ó ṣeé ṣe kí ẹgbẹ́ obìnrin tó igba káàkiri Bràsíl láàárín ọdún kan. Igba! Ọ̀tá wọn ló fẹnu ara rẹ̀ jẹ́rìí pé eré náà ń gbilẹ̀. Kódà bí a bá ní ẹ̀rù ló jẹ́ kó sọ àsọdùn, tí a pín iye yẹn sí mẹ́rin, tí a mú ìdá kan, iye náà ṣì pọ̀.

Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹrin ọdún 1941 ni Vargas fọwọ́ sí òfin 3.199. Abala rẹ̀ kẹrìnléláàádọ́ta ní wọn kò ní gba obìnrin láyè láti ṣe eré ìdárayá tí kò bá bí a ṣe ṣẹ̀dá wọn mu. Kò dárúkọ bọ́ọ̀lù rárá, àmọ́ kò sẹ́ni tí kò mọ ẹni tí wọ́n ń bá wí. Nígbà tó di 1965, ọdún kan lẹ́yìn tí àwọn ológun gbàjọba, ìgbìmọ̀ eré ìdárayá ìjọba wá dárúkọ ohun tí wọ́n dè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: ìjà oríṣiríṣi, bọ́ọ̀lù orí pápá, bọ́ọ̀lù inú gbọ̀ngàn, bọ́ọ̀lù etí òkun, pólò ti orí ẹṣin, pólò ti inú omi, rọ́gbì, irin gbígbé, béèsìbọ́ọ̀lù. Ẹ wò ó bí bọ́ọ̀lù aláfẹsẹ̀gbá ṣe jẹ yọ lẹ́ẹ̀mẹta, bí ẹni tó ti ilẹ̀kùn, tó ti fèrèsé, tó tún wá lọ dí ihò eku. Láàárín àkókò kan náà, àwọn ọkùnrin Bràsíl gba Ife Àgbáyé ní 1958, ní 1962 àti ní 1970. Gbogbo ògo ìgbà Pelé pátá, inú ọdún méjìdínlógójì yẹn ló bọ́ sí. Ọmọbìnrin tó jókòó ti rédíò bàbá rẹ̀ tó ń gbọ́ ariwo náà lè jó, ó lè yọ̀, ṣùgbọ́n bó bá ní òun náà fẹ́ gbá a, arúfin ni.

Àwọn kan yóò ní òfin orí ìwé lásán ni, torí àwọn obìnrin kò yé gbá bọ́ọ̀lù. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ní Araguari, ìlú kan ní Minas Gerais, wọ́n kó àwọn ọ̀dọ́bìnrin jọ ní ìparí ọdún 1958 láti fi bọ́ọ̀lù wá owó fún ilé ẹ̀kọ́ kan. Èrò ya bo pápá, àwọn ìlú mìíràn sì ń ránṣẹ́ pè wọ́n. Kò pẹ́ rárá tí àwọn aláṣẹ fi dá wọn dúró. Léa Campos kọ́ iṣẹ́ rẹfirí ó sì yege ní 1967, síbẹ̀ 1971 ni wọ́n tó gbà kó máa fọn fèrè. Ayé yìí sì ń yí o: João Havelange tó jẹ́ olórí àjọ bọ́ọ̀lù tó dí i lọ́nà, òun náà ló wà lórí àga FIFA nígbà tí wọ́n dá Ife Àgbáyé àwọn obìnrin sílẹ̀. Nítorí náà, mo gbà pé ẹsẹ̀ kò dúró. Ṣùgbọ́n eré tí a ń sá pamọ́ ṣe kì í ní líìgì, kì í ní àkọsílẹ̀, kì í ní akọ́nimọ̀ọ́gbá tó ti dàgbà sí i. Ká ní wọ́n fòfin de aró rírẹ ní Òṣogbo fún ọdún méjìdínlógójì ni, a ó ṣì rí ìyá àgbà kan tó ń rẹ tirẹ̀ ní kọ̀rọ̀ ilé. Ta ni yóò fi ọmọ rẹ̀ fún un kó kọ́ ọ? Nígbà tí wọ́n bá sì fagi lé òfin náà, ẹni mélòó ló kù tó mọ bí wọ́n ṣe ń wo ojú aró kí wọ́n tó ki aṣọ bọ̀ ọ́?

Àtakò kejì le ju ìyẹn lọ, kò sì yẹ ká fojú fò ó. Bràsíl nìkan kọ́ ló ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Àjọ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lé àwọn obìnrin kúrò lórí pápá àwọn ẹgbẹ́ wọn ní 1921, ó sì tó nǹkan bí àádọ́ta ọdún kí wọ́n tó yí ohùn padà. Ti Jámánì ṣe bẹ́ẹ̀ láti 1955 títí di 1970. Síbẹ̀ Jámánì gba Ife Àgbáyé ní 2003 àti 2007. Kí ló wá dé tí Bràsíl ń sọkún? Èsì mi ni pé kí a wo ohun tó tẹ̀lé ìtúsílẹ̀. Àjọ bọ́ọ̀lù ló ṣe ti Jámánì, kì í ṣe ìjọba àpapọ̀ pẹ̀lú ọlọ́pàá lẹ́yìn rẹ̀, ọdún mẹ́rin péré lẹ́yìn tí wọ́n sì fagi lé e ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdíje tí wọ́n fi ń mọ ẹgbẹ́ obìnrin tó pegedé jù ní gbogbo ilẹ̀ wọn, èyí tí kò dáwọ́ dúró títí dòní. Inú àwọn ẹgbẹ́ tó ti ní pápá, ilé àti owó ni wọ́n ti ń kọ́ ọmọbìnrin. (Kì í kúkú ṣe pé wọ́n kẹ́ wọn. Nígbà tí àwọn obìnrin Jámánì gba ife Yúróòpù ní 1989, ife àti àwo tí wọ́n fi ń mu kọfí ni wọ́n fi ta wọ́n lọ́rẹ.) Ní Bràsíl, 1979 ni wọ́n fagi lé èèwọ̀, 1983 ni wọ́n tó gbé ìlànà eré náà jáde, wọ́n sì fi gbogbo ìyókù sílẹ̀ fún ẹni tó bá yá lára.

Ẹni tó yá lára ni Radar, ẹgbẹ́ kan ní Copacabana ní Rio, tó dá ọwọ́ obìnrin sílẹ̀ ní 1981. Nígbà tí ìdíje kan ń wáyé láàárín àwọn ẹgbẹ́ obìnrin káàkiri ilẹ̀ náà láti 1983, Radar ló gbà á léraléra kí ìdíje náà tó kú. Nínú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni ikọ̀ orílẹ̀-èdè ti wá hù. Ní oṣù Keje ọdún 1986, ní Jesolo ní Ítálì, Amẹ́ríkà fi ayò méjì sí ẹyọ kan na wọ́n nínú eré tí wọ́n kà sí àkọ́kọ́ wọn. Lọ́dún 1988, FIFA pe orílẹ̀-èdè méjìlá sí Guangdong ní Ṣáínà láti fi wò ó bóyá Ife Àgbáyé àwọn obìnrin lè dúró. Àwọn ọmọ Radar ló pọ̀ jù nínú ikọ̀ tí Bràsíl kó lọ. Aṣọ ọkùnrin ni wọ́n wọ̀, apá rẹ̀ ń fẹ́ lẹ̀lẹ̀, ṣòkòtò rẹ̀ ń já wálẹ̀ sí orúnkún. Pẹ̀lú rẹ̀ náà, ipò kẹta ni wọ́n gbé wálé, lẹ́yìn tí wọ́n fi pẹnáritì yọ Ṣáínà kúrò lọ́nà. Nígbà tí ìdíje gidi dé ní 1991, orílẹ̀-èdè mẹ́ta péré ló jáde ní gbogbo Gúúsù Amẹ́ríkà: Bràsíl, Chile àti Venezuela. Ẹ ó rí i pé òrùlé ni wọ́n kọ́kọ́ gbé sókè. Ikọ̀ orílẹ̀-èdè wà, ó ń wọ aṣọ òfeefèé, ó ń kọrin orílẹ̀-èdè, ṣùgbọ́n kò sí líìgì kankan lábẹ́ rẹ̀ tó lè gbé e dúró.

Òrùlé tí kò ní ògiri yìí ló ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń tàn tí wọ́n sì ń kùnà lọ́wọ́ kan náà. Ipò kẹta ni wọ́n wà ní 1999, Sissi àti Sun Wen ti Ṣáínà sì jọ jẹ́ agbáyò jù, méje méje. Ohun tí wọ́n fi san án fún Sissi nílé kò ju ọdún méjì lọ kó tó dé: nínú ìdíje ìpínlẹ̀ São Paulo ti 2001, àwọn tó ṣètò rẹ̀ sọ ẹwà di ara ohun tí wọ́n fi ń yan agbábọ́ọ̀lù, wọn kò sì fẹ́ ẹni tó gé irun mọ́lẹ̀. Fàdákà ni ní Athens ní 2004, fàdákà ni ní Beijing ní 2008, Amẹ́ríkà ló gba wúrà lọ́wọ́ wọn nígbà méjèèjì, àfikún àkókò sì ni nígbà méjèèjì. Èyí tó dùn mí jù ni ti 2007. Marta, ọmọ Dois Riachos ní Alagoas, ni wọ́n fi jẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lágbàáyé, Bràsíl sì ti fi ayò mẹ́rin sí òdo na Amẹ́ríkà kí wọ́n tó kan Jámánì ní àṣekágbá ní Shanghai. Jámánì ti fi ẹyọ kan ṣáájú nígbà tí Bràsíl rí pẹnáritì. Marta gbá a, Nadine Angerer sì fò sí i, ó gbá a dànù. Òdo sí méjì ló parí sí. Lórí pèpéle ẹ̀bùn, pẹ̀lú fàdákà lọ́rùn, àwọn ọmọbìnrin náà gbé àkọlé kan sókè pé kí Bràsíl ran àwọn lọ́wọ́. Orílẹ̀-èdè wo ló tún kù tí ikọ̀ rẹ̀ ń tọrọ bárà lọ́jọ́ tó ṣe ipò kejì lágbàáyé?

Ẹni tó bá ní owó ni, kì í ṣe òfin àtijọ́, yóò tọ́ka sí àkọlé yẹn gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Mo fi í ṣe ẹ̀rí tèmi. Owó kò ṣọ̀wọ́n nínú bọ́ọ̀lù Bràsíl láàárín gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, kò kàn gba ọ̀nà ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin ni, ẹni tó sì kọ́ àwọn olórí ẹgbẹ́ pé bọ́ọ̀lù obìnrin kò kàn wọ́n ni ìjọba tó fi ọdún méjìdínlógójì pè é ní ẹ̀ṣẹ̀. Ìdíje wọn ń hù, ó ń kú bí olú inú oko, títí líìgì orílẹ̀-èdè tó dúró ṣinṣin fi bẹ̀rẹ̀ ní 2013. Láti 2019 ni àjọ bọ́ọ̀lù Gúúsù Amẹ́ríkà ti ní ẹgbẹ́ tí kò bá ní ọwọ́ obìnrin kò ní kópa nínú Libertadores, ìdíje àwọn ẹgbẹ́ ọkùnrin ilẹ̀ náà, ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ olórí ẹgbẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé àwọn ní ọmọbìnrin. Ẹ tún wo Formiga, agbábọ́ọ̀lù ikọ̀ Bràsíl. Èèrà ni ìtumọ̀ ìnagijẹ yìí, ó sì rò ó, torí kò sí ibi tí kì í sá dé lórí pápá. Ife Àgbáyé méje ló lọ, Òlíḿpíìkì méje, kò sí ọkùnrin tàbí obìnrin tó ṣe irú rẹ̀ rí, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógójì ló sì fi ẹ̀yìn tì nínú ikọ̀ orílẹ̀-èdè ní 2021. Gbogbo ayé ń yìn ín, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ilẹ̀ tó ní ọmọbìnrin púpọ̀ tó bẹ́ẹ̀, tí kò rí ẹni gba ipò náà lọ́wọ́ obìnrin kan fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ó yẹ kó bi ara rẹ̀ léèrè ohun tó dé.

Àwọn ẹ̀rí tó ń yọjú báyìí kò tako mi. Arthur Elias tó ń darí ikọ̀ náà láti 2023, inú líìgì àwọn obìnrin ló ti dàgbà, pẹ̀lú ẹgbẹ́ Corinthians tó ń kó ife jọ. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n tún gba fàdákà ní Paris ní 2024, lẹ́yìn tí wọ́n lé Fáránsè àti Sípéènì lọ. Ní Quito, ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025, Colombia ti fẹ́ gba ife Gúúsù Amẹ́ríkà lọ́wọ́ wọn kí Marta, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógójì, tó dá a padà lẹ́yìn àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú. Mẹ́rin sí mẹ́rin ni wọ́n gbá, pẹnáritì ló yanjú rẹ̀, ife kẹsàn-án wọn sì nìyẹn nínú ìdíje mẹ́wàá. Ọdún 2027 ni Ife Àgbáyé àwọn obìnrin yóò kọ́kọ́ tẹ ilẹ̀ Gúúsù Amẹ́ríkà, ní ìlú mẹ́jọ ní Bràsíl. Salvador ní Bahia jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ìlú tí àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti ilẹ̀ Yorùbá gbé Ọ̀ṣun àti Yemọja dé, tí wọ́n sì ń bọ wọ́n níbẹ̀ títí dòní láìka ọlọ́pàá tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ya bo àwọn ilé òrìṣà wọn. Ibẹ̀ ni wọ́n bí Formiga sí, ní oṣù Kẹta ọdún 1978, nígbà tí bọ́ọ̀lù ṣì jẹ́ èèwọ̀ fún un.