Òdòdó Ọgbà Dókítà

 

Igi kúkúrú kan wà tí a sábà máa ń rí létí ọ̀nà àti nínú ọgbà. Igi rẹ̀ ní ẹ̀gún, ewé rẹ̀ sì ní òórùn líle bí a bá fọwọ́ ra á. Òdòdó rẹ̀ kì í dúró lójú kan: bí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ là, a rí bí ìyeyè, bí ó bá gbó, a pọ́n. Lẹ́yìn náà ni yóò so èso wẹ́wẹ́ tí ń dúdú, tí ń dán bí ìlẹ̀kẹ̀. Ẹ̀wọ̀n adélé ni. Àwọn òyìnbó ń pè é ní lantana.

Kì í ṣe igi ilẹ̀ wa. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà níbi tí oòrùn ti ń mú ni orírun rẹ̀. Láàrin ọdún 1600 sí 1700, àwọn ará Holland gbé e lọ sí Yúróòpù nítorí ẹwà rẹ̀. Òtútù ibẹ̀ kò bá a lára mu, nítorí náà inú ilé onígíláàsì ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí. Ní 1753, Carl Linnaeus, ọ̀mọ̀wé ará Sweden, kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé: Lantana camara. Nígbà tó yá, àwọn ọkọ̀ òkun gbé e káàkiri àwọn ilẹ̀ tí kò ní òtútù tí yóò dá a dúró.

Ẹ jẹ́ kí a tẹ̀lé e dé erékùṣù Hawaii, láàrin òkun Pàsífíìkì, nígbà tí wọ́n ṣì ní ọba tiwọn. Oníṣègùn kan wà ní Honolulu, Dókítà William Hillebrand, ọmọ Jámánì, tí ó fẹ́ràn igi gbígbìn. Ní 1858, ó gbin lantana sí ọgbà rẹ̀. Kò ní èrò ibi. Ẹwà ni ó ń wá. Ní 1865, a kó ẹyẹ máínà wá láti Íńdíà, kí ó lè máa jẹ àwọn kòkòrò tí ń ba koríko jẹ́. Ẹyẹ jẹ kòkòrò lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó rí èso dúdú náà pẹ̀lú. Ó jẹ ẹ́, ó fò lọ, ó sì ṣu hóró rẹ̀ sórí òkè àti sí pápá. Kò pẹ́ tí òdòdó ọgbà fi di igbó ẹlẹ́gùn-ún ní ibi tí màlúù ti ń jẹko. Bẹ́ẹ̀ ni ewé rẹ̀ ní májèlé tí ń ba ẹ̀dọ̀ ẹran jẹ́.

Ní 1902, Albert Koebele lọ sí Mẹ́síkò láti wá àwọn kòkòrò tí ń jẹ igi náà ní ilé rẹ̀. Oríṣi 23 ni ó fi ránṣẹ́ sí Hawaii. 8 péré ni ó rí ibẹ̀ gbé. Wọ́n dín in kù ní àwọn ibì kan, ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀ títí di òní.

Ẹ̀yin tí ẹ ní in nínú ọgbà, ẹ gbọ́ o. Oòrùn ni ó fẹ́, kò fẹ́ omi púpọ̀. Bí òdòdó bá ti rọ, ẹ gé orí rẹ̀ kúrò kí èso tó dúdú. Yóò tún yọ òdòdó mìíràn, ẹyẹ kò sì ní rí nǹkan gbé lọ. Ẹ wé nǹkan mọ́ ọwọ́ nítorí ẹ̀gún. Ẹ má ṣe da ẹ̀ka tí ẹ gé sí etí igbó, nítorí ó lè ta gbòǹgbò. Ẹ sá a kí ó gbẹ, kí ẹ sì sun ún. Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ má ṣe fi èso rẹ̀ sẹ́nu, pàápàá èyí tí kò tíì pọ́n.

Dókítà Hillebrand mọ ibi tí ó gbin igi sí. Kò mọ ibi tí ẹyẹ yóò gbìn ín sí. Láti kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Ó dàbọ̀ o.